Eyín Jíà àti Etí Ọmọ Ènìyàn

Àwọn àgbà ní ahọ́n àti eyín a máa jà, wọn a sì tún parí ìjà wọn. Wọn kò sọ fún wa ohun tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí eyín bá pàdé eyín tí kò sí ahọ́n láàárín wọn. Bẹ́ẹ̀ ni ìtàn ọkọ̀ orí ilẹ̀, láti orí bọ̀lẹ̀kájà títí dé orí ọkọ̀ ìṣeré kékeré tí a ń fi rédíò darí, jẹ́ ìtàn ìpàdé eyín pẹ̀lú eyín. Eyín jíà ni mo ń wí. Jíà méjì kò lè gbé agbára fún ara wọn kí wọ́n má fọhùn. Bí a bá wo ìtàn náà fínnífínní, a ó rí i pé ọ̀nà méjì ni ọmọ ènìyàn ti ń gbà mú kí ohùn yìí rọlẹ̀. Ọ̀nà kìíní ni pé kí a fi nǹkan bò ó. Ọ̀nà kejì ni pé kí a tún ìpàdé àwọn eyín náà ṣe. Ọ̀nà méjèèjì ń mú ìdákẹ́jẹ́ wá, ṣùgbọ́n ìdákẹ́jẹ́ wọn kì í ṣe ọ̀kan náà.

Ní Ìyànsàn àti ní àwọn ìlú Ìkálẹ̀ yòókù tí ó wà ní agbègbè Òkìtìpupa, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní gbogbo ilẹ̀ Yorùbá, ọkọ̀ ìṣeré àtijọ́ kò ní jíà rárá. Ọmọdé fúnra rẹ̀ ni ó ń ṣe é. Agolo sàdíìnì ni ara ọkọ̀. Ìdérí ìgò tàbí bàtà rọ́bà tí ó ti gbó ni ẹsẹ̀ rẹ̀. Pákó ògùrọ̀, tí ó pọ̀ ní ilẹ̀ àbàtà, ni ọ̀pá tí a fi ń tì í. Ẹnu ọmọ náà ni ẹ́ńjìnnì. Bí ọkọ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbéra, ohùn ọmọ náà a máa gòkè díẹ̀díẹ̀; yóò dákẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹni tí ń pààrọ̀ jíà; ohùn yóò sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á ṣàkíyèsí ohun tí ọmọ yìí ń ṣe. Kò rí inú àpótí jíà rí, ṣùgbọ́n ó ti mọ iṣẹ́ rẹ̀ nípasẹ̀ etí. Kò yẹ kí èyí yà wá lẹ́nu, nítorí ọmọ tí ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ ti ń pààlà ìtumọ̀ fún láti orí ẹ̀yìn ìyá rẹ̀, etí rẹ̀ kì í sùn.

Ọ̀dọ̀ àwọn awakọ̀ bọ̀lẹ̀kájà ni irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ti kọ́ orin ẹnu rẹ̀. Orí irin ọkọ̀ Bedford àti irú rẹ̀ tí a kó wá láti ìlú Òyìnbó ni àwọn káfíńtà wa ń kan ilé pákó lé. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ẹrù ìgbà náà, kò sí ohun tí ń pẹ̀tù sí aáwọ̀ láàárín jíà tí ń sáré àti jíà tí ń rìn jẹ́jẹ́. Awakọ̀ ni ó gbọ́dọ̀ ṣe ìlàjà. Yóò tẹ kílọ́ọ̀ṣì, yóò yọ jíà. Yóò fi kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Yóò gbọ́ bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń ké. Yóò fi iná sí i tàbí kí ó dín in kù, títí ohùn yóò fi bá ìsáré ẹsẹ̀ ọkọ̀ mu. Nígbà náà ni yóò tún tẹ kílọ́ọ̀ṣì, tí yóò sì ti jíà wọlé. Bí ó bá ṣì í ṣe, eyín á ta eyín, gbogbo èrò inú ọkọ̀ á sì gbọ́ ọ. Awakọ̀ tí kò létí kò lè pẹ́ lórí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kí ó má fọ́ àpótí jíà.

Ní ọdún 1928 ni ilé-iṣẹ́ Cadillac ní Amẹ́ríkà gbé ọkọ̀ kan jáde tí òye Earl Thompson wà nínú àpótí jíà rẹ̀. Ohun tí ó ṣe ni pé ó fi òrùka kan sáàárín jíà méjì kí òrùka náà lè mú kí ìsáré wọn dọ́gba kí eyín tó pàdé. Díẹ̀díẹ̀ ni ọgbọ́n yìí dé inú ọ̀pọ̀ jùlọ ọkọ̀. Iṣẹ́ tí etí awakọ̀ ń ṣe tẹ́lẹ̀ wọ inú irin lọ. Ìtura ni èyí jẹ́, kò sí àní-àní. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni ènìyàn ti lè wa ọkọ̀ fún ogún ọdún láìtẹ́tí sí i.

Jíà fúnra rẹ̀ ti wà tipẹ́ kí ọkọ̀ tó dé. Ní ọdún 1901 ni wọ́n gbé ẹ̀rọ idẹ kan jáde láti inú òkun lẹ́bàá erékùṣù Antikythera ní ilẹ̀ Gíríìsì. Ó ti lé ní 2,000 ọdún tí wọ́n ti ṣe é láti fi ṣírò ìrìn oòrùn àti òṣùpá, jíà 30 ni a sì ṣì lè rí nínú ohun tí ó ṣẹ́kù lára rẹ̀. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń yí i, nítorí náà ariwo kò lè jẹ́ ìṣòro rẹ̀. Ìsáré ni ó sọ ariwo di ìṣòro. Ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, onímọ̀ ìṣirò Leonhard Euler fi hàn pé bí a bá tẹ ẹ̀gbẹ́ eyín jíà ní irú ìtẹ̀ kan pàtó, agbára yóò máa kọjá láti ara jíà kan sí èkejì ní ìwọ̀n kan náà, láìsí fífà síwá fífà sẹ́yìn. Irú eyín bẹ́ẹ̀ ni ó wà nínú ọ̀pọ̀ jùlọ jíà ayé títí di òní.

Àwọn mìíràn wá ronú sí bí a ṣe gbẹ́ eyín náà. Bí eyín bá dúró ṣánṣán, gbogbo ìbú rẹ̀ ni yóò kọlu èkejì lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ó bá dagun, yóò wọlé díẹ̀díẹ̀, eyín mìíràn yóò sì ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kí ti ìṣáájú tó jáde, gẹ́gẹ́ bí ẹni méjì tí ń gbé igbá omi fún ara wọn: ọwọ́ ẹni tí ń fún ni kò tíì kúrò tí ọwọ́ ẹni tí ń gbà fi wà níbẹ̀. André Citroën ará Faransé ti ṣe òwò jíà tí eyín rẹ̀ dagun sí ọ̀tún àti sí òsì kí ó tó di ẹni tí ń ṣe ọkọ̀ ní ọdún 1919. Àwòrán eyín jíà náà ni àmì tí ó wà níwájú ọkọ̀ Citroën. Frederick Lanchester ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lo jíà tí ó rí bí ìdè onírìnrìn-àyíká, tí ń yọ́ gba ara èkejì kọjá bí ejò, nítorí pé ó ń ṣe jẹ́jẹ́. Irú jíà yìí náà ni ó wà lẹ́yìn Peugeot 403 àti 404 tí àwọn ènìyàn wa mọ̀ dáadáa. Ní nǹkan bí ọdún 1925, ilé-iṣẹ́ Gleason ní ìlú Rochester gbé eyín dídagun mìíràn jáde fún dífàrẹ́ńṣà, Packard sì wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ lò ó. Òǹkàwé tí ó bá fẹ́ gbọ́ ohùn ayé àtijọ́ kò ní láti lọ jìnnà: nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ onípààrọ̀ jíà, jíà tí a fi ń padà sẹ́yìn ṣì ní eyín ṣánṣán. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ fi ń súfèé bí ó bá ń fẹ̀yìn rìn.

Gbogbo ìtàn yìí ni ó kó ara rẹ̀ jọ sínú ọkọ̀ ìṣeré tí a ń fi rédíò darí. Nikola Tesla ni ó kọ́kọ́ fi ọkọ̀ ojú omi kékeré kan tí a ń fi rédíò darí han àwọn ará New York ní ọdún 1898. Ní ọdún 1976, ilé-iṣẹ́ Tamiya ti ìlú Shizuoka ní Japan gbé Porsche 934 kékeré jáde. Wọ́n sì ti tú odindi Porsche tòótọ́ palẹ̀ kí wọ́n lè mọ̀ ọ́n délẹ̀délẹ̀. Ní àwọn ọdún 1990 ni irú tí ó ń ṣàfarawé ọkọ̀ ìdíje orí ọ̀dà gbilẹ̀. Ìdámẹ́wàá ọkọ̀ gidi ni. Nínú rẹ̀, ẹ̀rọ oníná ń yí jíà kékeré, jíà kékeré ń yí jíà ńlá, ọ̀pá tàbí bẹ́líìtì sì ń gbé agbára lọ sí dífàrẹ́ńṣà iwájú àti ti ẹ̀yìn. Bí ẹ̀rọ náà bá yí ní ìgbà 10,000 ní ìṣẹ́jú kan, tí jíà kékeré sì ní eyín 22, eyín ń pàdé eyín ní ìgbà tí ó lé ní 3,600 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ìdí nìyẹn tí ohun tí ó kéré tó bẹ́ẹ̀ fi lè ké tó bẹ́ẹ̀.

Báwo ni a ṣe ń mú un dákẹ́? Ẹni tí ó mọ iṣẹ́ yóò kọ́kọ́ wádìí ibi tí ohùn ti ń wá. Yóò yọ jíà kékeré kúrò lára jíà ńlá, yóò sì fi ọwọ́ yí ẹsẹ̀ ọkọ̀. Bí ó bá ń yí wọ́ọ́rọ́wọ́, àárín jíà méjèèjì ni ẹjọ́ wà. Bí ó bá ń ta kọ́kọ́, ìṣòro wà níwájú. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ọkọ̀ olówó pọ́ọ́kú máa ń wá pẹ̀lú òrùka ike dípò bẹ́ríǹ. Òrùka náà a jẹ, ọ̀pá a máa jó nínú rẹ̀, jíà kò sì ní lè dúró sójú kan. Bẹ́ríǹ onígóòlù ni àtúnṣe àkọ́kọ́. Lẹ́yìn èyí ni ó kan àlàfo àárín eyín. Ọgbọ́n tí wọ́n ń dá ni pé kí a ki ìrépé bébà tẹ́ẹ́rẹ́ kan sáàárín jíà méjèèjì, kí a tì wọ́n mọ́ra, kí a dè wọ́n, kí a sì yí bébà náà jáde. Bí bébà bá ya, wọ́n ti fún jù, jíà yóò sì máa súfèé. Bí ojú eyín kò bá hàn lára bébà, wọ́n ti jìnnà jù, yóò máa dún gbàràgbàrà títí eyín yóò fi ká. Ibi mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni a gbọ́dọ̀ dán an wò yí jíà ńlá ká, nítorí kì í sábà yí po dọ́gba. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ìrépé bébà ni ẹ̀sọ̀ níhìn-ín.

Bẹ́líìtì ní tirẹ̀ kì í pariwo bí ọ̀pá onijíà. Ẹni tí ó bá ti dúró níbi tí wọ́n ti ń rin ẹ̀gẹ́ gààrí ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀ yóò mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì ni ó ń pariwo níbẹ̀. Bẹ́líìtì tí ó so ó mọ́ ẹ̀rọ ìrinǹkan ń bá tirẹ̀ lọ ní pẹ̀lẹ́, àfi bí ó bá dẹ̀ tí ó sì ń yọ̀.

Ìgbẹ̀yìn ni gíríìsì. A ń fi díẹ̀ sí jíà tí ó wà nínú àpótí. Jíà tí ó wà ní gbangba kò fẹ́ ẹ, nítorí yanrìn yóò lẹ̀ mọ́ ọn, yóò sì di ayùn. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ náà ti kan àwọn onílù wa. Àwọn àyàn bàtá ń fi ìda sí ojú ìlù kí ohùn rẹ̀ lè rọ̀, kí ó sì jinlẹ̀. Ṣùgbọ́n ìlù tí awọ rẹ̀ le dáadáa ni ìda ń ṣe lóore. Ìda kì í tún bàtá tí ó ti ya ṣe. Ipò ìda ni gíríìsì wà. Ìparí iṣẹ́ ni, kì í ṣe ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ìtàn òwò ọkọ̀ fi hàn wá ohun tí ń ṣẹlẹ̀ bí a bá yí ètò yìí padà. Ẹ̀tàn kan ti pẹ́ láàárín àwọn tí ń ta ọkọ̀ àlòkù ní ilẹ̀ Òyìnbó: wọn a da lẹ́búlẹ́bú pákó pọ̀ mọ́ òróró inú àpótí jíà tí ó ti jẹ. Ariwo a lọ. Ẹni tí ó rà á a yọ̀ títí lẹ́búlẹ́bú náà yóò fi lọ̀ kúnná, tí jíà yóò sì padà sọ òtítọ́. Ariwo jíà lè jẹ́ ẹ̀rí pé agbára ń ṣòfò àti pé irin ń jẹ irin. Ẹni tí ó bo ẹ̀rí mọ́lẹ̀ kò tíì dá ẹjọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ọmọdé nìkan mọ́. Nínú ọkọ̀ oníná tí ń pọ̀ sí i láyé báyìí, kò sí ẹ́ńjìnnì tí yóò fi igbe tirẹ̀ bo ohùn jíà, nítorí náà ohùn tí etí kò gbọ́ tẹ́lẹ̀ ti wá hàn gbangba. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ní láti tún tẹ́tí. Ìjọba ìpínlẹ̀ Oǹdó dá yunifásítì ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ ẹ̀rọ sílẹ̀ ní Òkìtìpupa ní ọdún 2008, èyí tí ó ń jẹ́ orúkọ Olúṣẹ́gun Àgàgù báyìí. Ní ẹ̀bá títì ìlú kan náà, ọmọṣẹ́ mẹkáníìkì lè gbọ́ láti ọ̀nà jíjìn pé dífàrẹ́ńṣà ń kùn, pé bẹ́ríǹ ń han, pé jíà ń ta kọ́kọ́. Ọ̀rọ̀ Yorùbá kọ̀ọ̀kan yìí ń tọ́ka sí àrùn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bí etí ọmọṣẹ́ yẹn àti ìṣirò yunifásítì bá jókòó ti ọkọ̀ ìṣeré kan ṣoṣo lórí tábìlì, pẹ̀lú ìrépé bébà kan láàárín wọn, olúkúlùkù yóò rí ohun tí ó kù díẹ̀ káà tó fún un. Bí wọn kò bá pàdé, a ó máa ra ọkọ̀ tí ó dákẹ́, a kò sì ní mọ èwo nínú wọn ni ó sàn àti èwo ni wọ́n da lẹ́búlẹ́bú pákó sí.