Wákàtí méjìléláàádọ́rin: bí oògùn ìdènà oyún pàjáwìrì ṣe dé Ògbómọ̀ṣọ́, àti ohun tó ń ná ni

 

Ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan ní 2024, ọ̀rẹ́ wa kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ pè wá lórí fóònù. Kọ́ńdọ̀mù ti já mọ́ wọn lọ́wọ́. Ó fẹ́ ra Postinor, àmọ́ owó tó kù sí àkáǹtì rẹ̀ kò tó, owó oúnjẹ tí wọ́n máa ń fi ránṣẹ́ láti ilé kò sì ní í dé títí di ọjọ́ Ajé. Nínú àwa mẹ́rin tó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lálẹ́ ọjọ́ yẹn, kò sí ẹni tó ní ju owó ọkọ̀ lọ. Nígbà tó yá la bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí. Oògùn tó jẹ́ hóró méjì péré, níbo ló ti wá? Báwo ló ṣe dé ọ̀dọ̀ wa? Kí ló sì dé tó fi ṣòro rí rà ní ìlú tó ti ní ọsibítù láti 1907?

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé àwọn baba ńlá wa kò mọ bí a ṣe ń fi àlàfo sí ọmọ bíbí. John Caldwell àti Pat aya rẹ̀, àwọn onímọ̀ láti Australia, tẹ ìwádìí kan jáde ní 1977 lórí bí àwọn Yorùbá ṣe ń yẹra fún ìbálòpọ̀ lẹ́yìn ìbímọ. Ìyá ọlọ́mọ kì í padà sọ́dọ̀ ọkọ títí ọmọ á fi rìn, tí wọ́n á sì já a lẹ́nu ọmú. Ó lè tó ọdún méjì, ó lè tó mẹ́ta. Obìnrin tó bá lóyún nígbà tí ọmọ ṣì wà lẹ́nu ọmú, ojú á tì í láàárín ẹbí. Òrùka náà wà, ìgbàdí wà, àgbo wà. Ká má tíì sọ bóyá wọ́n ń jẹ́ tàbí wọn kì í jẹ́, ẹni tó ń fúnni ló kàn wá: ìyá àgbà ni, tàbí adáhunṣe. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ jókòó, kó la ẹnu, kó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Owó rẹ̀ kéré, ìtìjú rẹ̀ ló wọ́n.

Òyìnbó oníṣègùn dé, ọ̀rọ̀ náà kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Thomas Bowen ti mú iṣẹ́ Onítẹ̀bọmi wọ Ògbómọ̀ṣọ́ ní 1855. Dókítà George Green bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwòsàn níbẹ̀ ní 1907, iṣẹ́ tó di Baptist Medical Centre, tó sì ń jẹ́ Bowen University Teaching Hospital lónìí. Nínú ìlú kan náà ni nọ́ọ̀sì Ruth Kersey ti ń kó àwọn ọmọ ìkókó aláìníyàá jọ tọ́, ilé náà sì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ títí dòní. Bí ẹ bá gbọ́ "Kersey", ẹ rántí pé ìyá ọmọ kan ti kú kí ọmọ rẹ̀ tó débẹ̀. Ìlú tó mọ ohun tí oyún lè fà ni Ògbómọ̀ṣọ́.

Ní 1964 ni wọ́n dá Family Planning Council of Nigeria sílẹ̀, èyí tó di Planned Parenthood Federation of Nigeria. Ní 1980, UCH Ìbàdàn, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àti Yunifásítì Columbia ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ètò kan tó kọ́ àwọn agbẹ̀bí ìbílẹ̀ àti àwọn ará abúlé bí wọn yóò ṣe máa pín kọ́ńdọ̀mù àti oògùn fún àwọn ará àdúgbò wọn. Lẹ́yìn náà, wọ́n gbé irú ètò yìí wọ ọjà ní Ìbàdàn, àwọn ọlọ́jà sì ń tà á pẹ̀lú ọjà wọn. Èyí wù wá gan-an: ẹni tó bá lọ ra ata, á ra tirẹ̀ mọ́ ọn, kò sẹ́ni tó máa bi í ní nǹkan kan. Ní 1988 ni ìjọba àpapọ̀ wá gbé ìlànà ètò iye ènìyàn jáde, tó ní kí obìnrin kan bí ọmọ mẹ́rin. Obìnrin kan o! Ọkùnrin tó bá ní ìyàwó mẹ́ta, ẹ ṣírò tiẹ̀ fúnra yín.

Ìgbà yẹn náà ni ọ̀rọ̀ kan tàn kálẹ̀ lórí rédíò àti lára ògiri ilé ìwòsàn: ìfètò-sọ́mọ-bíbí. Ẹ jẹ́ ká tú u wò, iṣẹ́ wa ṣáà nìyẹn. Ẹni tó ń fètò sí ọmọ bíbí, ẹni tó ti ń bímọ ni, tàbí tó ti wà nílé ọkọ. Bàbá, ìyá àti ọmọ méjì tó ń rẹ́rìn-ín ló máa ń wà nínú àwòrán rẹ̀. Ọmọbìnrin ogún ọdún tí kò tíì lọ́kọ kò sí nínú ọ̀rọ̀ náà rárá. Ohun tí ọ̀rọ̀ yọ sílẹ̀, ilé ìwòsàn náà á yọ ọ́ sílẹ̀. Ní 2011, ìjọba àpapọ̀ kéde pé ọ̀fẹ́ ni ohun èlò ìfètò-sọ́mọ-bíbí ní ilé ìwòsàn ìjọba. Ọ̀fẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n tí ọmọbìnrin bá débẹ̀, ìbéèrè tó sábà máa ń pàdé ni: "Ọkọ yín ńkọ́?"

Oògùn tí ọ̀rẹ́ wa ń wá ní ìtàn tirẹ̀. Ní 1974, Albert Yuzpe, dókítà ará Canada, fi hàn pé bí obìnrin bá lo àpọ̀jù oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí láìpẹ́ lẹ́yìn ìbálòpọ̀, ó lè dènà oyún. Èébì rẹ̀ pọ̀ gan-an. Ní nǹkan bí 1980, ilé iṣẹ́ Gedeon Richter ní Hungary gbé Postinor jáde, èyí tó jẹ́ levonorgestrel nìkan. Ní 1998, Àjọ Ìlera Àgbáyé tẹ ìwádìí kan jáde nínú Lancet tó fi hàn pé levonorgestrel dára ju ti Yuzpe lọ, èébì rẹ̀ sì dín kù. Nínú ìwádìí yẹn, bí obìnrin bá lò ó kí wákàtí 24 tó pé, ó ń dènà oyún 95 nínú 100 tó yẹ kó wáyé. Láàárín wákàtí 25 sí 48, ó bọ́ sí 85. Láàárín 49 sí 72, ó di 58.

Ẹ dákun, ẹ jẹ́ ká yanjú ọ̀rọ̀ kan níbí. Àwọn ènìyàn máa ń sọ pé oògùn yìí "ń ṣẹ́ oyún". Kò rí bẹ́ẹ̀. Ńṣe ló ń dá ẹyin obìnrin dúró kó má tíì jáde. Bí oyún bá ti wà, kò lè mú un kúrò. Òfin ìwà ọ̀daràn wa fi ẹ̀wọ̀n sí ìṣẹ́yún, ìdí nìyẹn tí àṣìlò ọ̀rọ̀ yìí kì í fi ṣe ọ̀rọ̀ kékeré: ó ń dẹ́rù ba ẹni tó fẹ́ rà, ó sì ń dẹ́rù ba ẹni tó ń tà.

Àwọn ẹgbẹ́ bíi Society for Family Health, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1985, ló gbé Postinor-2 dé kẹ́mísì kiri Nàìjíríà. DKT náà gbé Postpill wọlé. Owó àwọn olùrànlọ́wọ́ òkèèrè wà nínú irú ètò bẹ́ẹ̀, kí iye tí à ń san lè fúyẹ́. Lójú tiwa, ohun tó ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ìtàn yìí ni káńtà kẹ́mísì. LAUTECH ti bẹ̀rẹ̀ ní 1990, àdúgbò Under-G sì kún fún akẹ́kọ̀ọ́. Ẹ dé káńtà, ẹ ní "Postinor kan", wọ́n á fi sínú ọ̀rá dúdú, ó parí. A mọ̀ pé àwọn kan ṣì máa ń wò yín látòkè délẹ̀, ìyá kan tilẹ̀ wàásù fún ọ̀kan nínú wa kó tó gba owó. Síbẹ̀, fún ìgbà àkọ́kọ́, kò pọn dandan kí ọmọbìnrin ṣàlàyé ara rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Owó nìkan ló kù tó ń béèrè.

Owó náà ló wá ya ẹhànnà. Ní oṣù kẹfà 2023, wọ́n tú náírà sílẹ̀. Dọ́là tí kò tó 500 náírà ní ọwọ́ ìjọba kọjá 1,500 kí oṣù kejì 2024 tó parí. Òkèèrè ni wọ́n ti ń kó oògùn yìí wá, nítorí náà páálí tí à ń fi ọgọ́rùn-ún mélòó kan rà tẹ́lẹ̀ wọ ẹgbẹ̀rún lọ. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní England, a gbọ́ pé láti oṣù kẹwàá 2025 ọ̀fẹ́ ló di ní ilé ìtajà oògùn lọ́dọ̀ yín. Ẹ kú oríire o.

Ẹni tí owó rẹ̀ kò bá ká a níbí á padà sí ohun tí àwọn ọ̀rẹ́ ń sọ létí ara wọn: omi iyọ̀, Andrews, Krest, Ampiclox. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ń dènà oyún. Ọ̀rẹ́ wa mu omi iyọ̀ lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì yẹn, ó sì tún mu ún láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta.

Ọ̀nà kan ṣì wà tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò mọ̀ nígbà yẹn. Kọ́ìlì onídẹ tí nọ́ọ̀sì máa ń fi sínú ilé ọmọ, bí wọ́n bá fi sí i kí ọjọ́ márùn-ún tó pé, ó ju hóró oògùn yìí lọ fíìfíì. Ó wà lára ohun tí ìjọba ní kó jẹ́ ọ̀fẹ́. Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, àyè rẹ̀ ṣì wà. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ àwọn tó ń béèrè ọkọ ni kọ́ìlì náà wà.

Owó rẹ̀ wọlé ní ọjọ́ Ajé, ní nǹkan bí aago méjì ọ̀sán. Ó ti di wákàtí márùnlélọ́gọ́ta. Iye tí wọn ìbá tà á fún un ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, tó máa ra 95, náà ni wọ́n tà á fún un, tó sì ra 58. Kò rí nǹkan oṣù rẹ̀ lóṣù yẹn.

Ó gbà wá láyè láti kọ ọ́, bí a kò bá ti dárúkọ rẹ̀. Obìnrin ni ọmọ náà, ọ̀dọ̀ ìyá àgbà rẹ̀ ló wà ní Ọ̀yọ́. Ìyá rẹ̀ ń padà sí kíláàsì ní sáà tó ń bọ̀, ó ní ká bá òun wá nóòtì ìpele kejì.