Gègé àti Bọ́tìnnì Lórí Kọ̀ǹpútà Àfọwọ́mú

Ní ọdún 1993 ni ilé-iṣẹ́ Apple ti Amẹ́ríkà gbé Newton jáde, kọ̀ǹpútà àfọwọ́mú tí kò ní bọ́tìnnì ìtẹ̀wé lára. Gègé ni a fi ń kọ̀wé sí ojú rẹ̀. Ìlérí wọn ni pé ẹ̀rọ náà yóò mọ ọwọ́ ìkọ̀wé ẹni tí ó ni ín. Ṣùgbọ́n inú àkójọ ọ̀rọ̀ tí a kó sí i nínú ni ó ti ń wá èyí tí ó jọ ohun tí a kọ. Nítorí náà ni ó fi ń sọ ọ̀rọ̀ kan di òmíràn, tí àwọn ayàwòrán ẹ̀fẹ̀ sì fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ta ni kò tíì rí ìwé tí oníṣègùn òyìnbó kọ rí, kí ó tó bú ẹ̀rọ?

Jeff Hawkins yí ọ̀rọ̀ náà padà. Lórí Pilot, tí ó jáde ní ọdún 1996, ẹni tí ó ń kọ̀wé ni ó ní láti kọ́ ọwọ́ tuntun, tí a ń pè ní Graffiti. Lẹ́tà A pàdánù ìlà àárín rẹ̀, kí a má baà gbé gègé sókè lẹ́ẹ̀mejì. Lójú tèmi, ohun ńlá ni pé ènìyàn gbà láti tẹ̀ sí ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ. Wọ́n sì gbà á tayọ̀tayọ̀; Newton kógbá sílé ní ọdún 1998.

Ìṣẹ́gun gègé kò pẹ́. BlackBerry kó bọ́tìnnì sábẹ́ àtàǹpàkò, nígbà tí ó sì di ọdún 2007, iPhone ya bọ́tìnnì sí ojú gíláàsì, kò sì bá gègé kankan wá.