Ìwé Àwọn Ajagunfẹ̀yìntì Ojú Omi àti Àwọn Tí Kò Kọ Ìwé

Nígbà tí a bá ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ní ìtàn ogun àgbáyé méjèèjì, ìbọn, ọkọ̀ òfuurufú àti àwọn ọ̀gágun ni wọ́n sábà máa ń béèrè. Ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnikẹ́ni béèrè ẹni tó fa ọkọ̀ tó bàjẹ́ wọ èbúté, tàbí ẹni tó wọ ìsàlẹ̀ omi lọ dí ihò ara ọkọ̀ tó rì. Síbẹ̀, bí iṣẹ́ wọ̀nyí kò bá sí, oúnjẹ kò lè dé ọ̀dọ̀ ọmọ ogun, ọta kò sì lè dé ojú ìjà. Díẹ̀ nínú àwọn tó ti jagun rí kọ ìwé lórí iṣẹ́ náà. A fẹ́ yẹ àwọn ìwé bẹ́ẹ̀ wò, kí a sì bi ara wa léèrè: ta ni ó kọ ìtàn, ta sì ni ìtàn fò kọjá?

Ọkọ̀ afàkọ̀, tí èdè Faransé ń pè ní remorqueur, kéré lójú, ṣùgbọ́n agbára ẹ̀rọ rẹ̀ ju ìwọ̀n ara rẹ̀ lọ. Okùn ni ó fi ń ṣiṣẹ́: a ó so okùn mọ́ ọkọ̀ ńlá, òun yóò sì fà á wọ èbúté, tàbí kí ó lọ wá a láàárín òkun nígbà tí ẹ̀rọ rẹ̀ bá kú. Ọkọ̀ tó ń yọ ọkọ̀ rírì ní iṣẹ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Àwọn òmùwẹ̀ inú rẹ̀ á lọ dí ojú ihò nísàlẹ̀ omi, wọn á sì fi ẹ̀rọ fa omi jáde tàbí kí wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sínú ọkọ̀ náà, títí yóò fi fúyẹ́ tí yóò sì léfòó. Àjèjì ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí. Ọkọ̀ ńlá pàápàá kò ju ẹni tí a ń ràn lọ́wọ́ lọ.

Ẹnìkan lè sọ pé òkun jìnnà sí àwa ará òkè Atakpamé, pé ọ̀rọ̀ yìí kò kàn wá. Ó kàn wá. Ní Kamina, lẹ́bàá ìlú wa, ni àwọn ará Jámánì kọ́ ilé iṣẹ́ rédíò ńlá sí, kí ó lè máa bá Nauen, nítòsí Berlin, sọ̀rọ̀, kí ó sì máa fi ìròyìn ránṣẹ́ sí àwọn ọkọ̀ wọn lójú òkun Atlantic. Nígbà tí ogun bẹ́ ní oṣù kẹjọ ọdún 1914, ibẹ̀ gan-an ni àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì àti ti Faransé dojú kọ. Wọ́n jà létí odò Chra ní ọjọ́ 22 oṣù náà. Ní òru ọjọ́ 24 mọ́jú ọjọ́ 25, àwọn ará Jámánì fúnra wọn ba ilé iṣẹ́ Kamina jẹ́, wọ́n sì túúbá ní ọjọ́ 26. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi ni ó fa ogun náà wá sí ẹsẹ̀ òkè wa.

Nínú àwọn ajagunfẹ̀yìntì tó kọ̀wé lórí ìyọkọ̀, Edward Ellsberg, ọ̀gá nínú ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà, jẹ́ ẹni tó yẹ kí ọmọ Áfíríkà mọ̀, nítorí ilẹ̀ Áfíríkà ni ó ti ṣe iṣẹ́ tó lókìkí jù nínú rẹ̀. Kí àwọn ará Ítálì tó pàdánù èbúté Massawa ní Ẹritíríà ní 1941, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ri ọkọ̀ púpọ̀ síbẹ̀, pẹ̀lú ibùdó àtúnṣe ọkọ̀ tó ń léfòó, kí èbúté náà má baà wúlò fún ẹnikẹ́ni. Ní 1942, Ellsberg débẹ̀ pẹ̀lú òṣìṣẹ́ díẹ̀ àti irinṣẹ́ tí kò tó, ó fi atẹ́gùn yọ ibùdó náà, ó sì ń yọ ọkọ̀ tẹ̀ lé e nínú ooru tó le kọjá sísọ. Ó kọ ìtàn rẹ̀ sínú ìwé Under the Red Sea Sun, tó jáde ní 1946.

Àwọn mìíràn náà wà. Farley Mowat, ọmọ Kánádà tó jagun ní Ítálì, gbé ìwé The Grey Seas Under jáde ní 1958, lórí Foundation Franklin, ọkọ̀ afàkọ̀ tí àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì ti kọ́kọ́ lò. Roger Vercel, ọmọ Faransé tó ja ogun 1914, kọ ìtàn àròsọ Remorques ní 1935, lórí ọ̀gá ọkọ̀ afàkọ̀ kan ní Brest. Ẹ̀kọ́ kan náà ni wọ́n fi kọ́ni: akínkanjú kì í ṣe ẹni tó pa ènìyàn nìkan, ẹni tó lọ gba ènìyàn là nínú ìjì náà jẹ́ akínkanjú.

Ní ìhà tiwa, ìtàn kan wà tó yẹ kí gbogbo ọmọ Yorùbá mọ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 1942, ọkọ̀ afàkọ̀ méjì, Vulcan àti Nuneaton, ṣí kúrò ní Èkó. Erékùṣù Fernando Po, tí a ń pè ní Bioko lónìí, ni wọ́n ń lọ. Abẹ́ Sípéènì ni erékùṣù náà wà, Sípéènì kò sì sí nínú ogun; ṣùgbọ́n ọkọ̀ ńlá Ítálì kan, Duchessa d'Aosta, àti ọkọ̀ afàkọ̀ Jámánì kan, Likomba, ti fara pamọ́ sí èbúté Santa Isabel, tí í ṣe Malabo òde òní. Ní òru ọjọ́ 14, nígbà tí àwọn ọ̀gá ọkọ̀ náà wà nídìí àsè tí a sè láti fi tàn wọ́n jẹ, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì gun orí ọkọ̀ wọ̀nyí, wọ́n fi àdó olóró já ẹ̀wọ̀n ìdákọ̀ró, Vulcan fa Duchessa d'Aosta, Nuneaton fa Likomba, wọ́n sì kó wọn jáde sí ojú òkun. Kí oṣù náà tó parí, Duchessa d'Aosta ti gúnlẹ̀ sí Èkó.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí ìtàn yìí ṣe dé inú ìwé. Gus March-Phillipps, tó ṣáájú wọn, kú lójú ogun ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1942. Geoffrey Appleyard àti Graham Hayes kú ní 1943. Anders Lassen, ọmọ Dẹ́nmáàkì, kú ní 1945. Ikú kò jẹ́ kí wọ́n di ajagunfẹ̀yìntì tí yóò jókòó kọ̀wé. Ṣùgbọ́n bàbá Appleyard kó àwọn lẹ́tà ọmọ rẹ̀ jọ, ó sì fi wọ́n ṣe ìwé ní 1946; ìyá Lassen kọ ìwé nípa tirẹ̀ ní 1949. Ará ilé ni kò jẹ́ kí orúkọ wọn parun.

Ṣùgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ ọmọ Áfíríkà náà wà nínú àwọn ọkọ̀ afàkọ̀ tó ti Èkó lọ. Àwọn náà la òru náà kọjá. Bí ìbọn bá dún, kì bá tí yà wọ́n sọ́tọ̀. Àwọn ọ̀gá ni ìtàn ń dárúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyí, "àwọn atukọ̀" lásán ni. Kì í ṣe pé wọn kò ní ìtàn láti sọ. Ohun tí wọn kò rí ni ẹni tí yóò kó ọ̀rọ̀ wọn jọ, bí bàbá Appleyard ti ṣe fún ọmọ tirẹ̀. Bí a bá ta ará ilé ẹni lọ́pọ̀, a kì í rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n.

Pé ọmọ ogun kékeré lè kọ̀wé, kí ìwé rẹ̀ sì wúlò, Isaac Fadoyebo ti fi hàn. Ọmọ Ẹmùrè-Ilé, nítòsí Ọ̀wọ̀, ni. Ó wọṣẹ́ ológun ní 1942, ó sì wà nínú ẹgbẹ́ tó ń tọ́jú àwọn tó fara gbọgbẹ́. Ní 1944, àwọn ará Jàpáánù kọ lù wọ́n létí odò Kaladan ní Bọ́mà. Ìbọn fọ́ ọ lẹ́sẹ̀, àwọn ará abúlé sì tọ́jú òun àti ẹnìkejì rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ìwé rẹ̀, A Stroke of Unbelievable Luck, jáde ní 1999, ní ọdún márùn-ún-dín-lọ́gọ́ta lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ náà. Ó kú ní 2012. Bí kò bá kọ ọ́ sílẹ̀ ni, díẹ̀ ni à bá mọ̀ nípa rẹ̀ lónìí.

Nítorí náà, ẹ̀bẹ̀ wa sí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ kò ṣòro. Ẹ lọ bá àwọn àgbà tó ti ṣiṣẹ́ ológun, tàbí tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ àti ní èbúté Lomé láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí i ní 1968. Bí wọn kò bá sí mọ́, ẹ bá àwọn ọmọ wọn. Ẹ béèrè orúkọ ọkọ̀, ọdún, iṣẹ́ tí wọ́n ṣe, oúnjẹ tí wọ́n jẹ, iye tí wọ́n gbà, àti orúkọ àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́. Ẹ kọ ọ́ bí wọ́n ti sọ ọ́, ní èdè wa, lẹ́yìn náà kí ẹ túmọ̀ rẹ̀ sí Faransé. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó sọ̀rọ̀ gbọ́ ohun tí ẹ kọ kí ó tó di ìwé. Ojú ewé púpọ̀ kọ́ ni ó ń sọ ọ̀rọ̀ di ìtàn. Ojú ewé méjì tó ní orúkọ, ọdún àti ibi tí nǹkan ti ṣẹlẹ̀ ti tó láti bẹ̀rẹ̀.