Epo Pupa àti Ọ̀nà Ìkòròdú

Erékùṣù ni Èkó. Ẹja ni omi rẹ̀ ń mú wá, kò sì ní oko ọ̀pẹ tí ó lè sọ ìlú di ọlọ́rọ̀. Síbẹ̀, láàárín 1851 tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ìbọn lé Kòsọ́kọ́ kúrò lórí oyè, àti 1892 tí wọ́n ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú, epo pupa àti èkùrọ́ ni ó ń fa àwọn oníṣòwò Liverpool àti Hamburg wá sí etí ọ̀sà. Ọṣẹ àti àbẹ́là ni wọ́n ń fi epo ṣe nílùú Òyìnbó. Wọ́n sì ń ta á sára ẹ̀rọ kí irin má baà jẹ irin. Ilé iṣẹ́ O'Swald ti Hamburg tilẹ̀ ń kó owó ẹyọ láti Zanzibar wá sí Èkó láti fi rà á.

Ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ilẹ̀ Ẹ̀gbá àti òkè Ìbàdàn ni epo ti ń wá. Ilẹ̀ wọ̀nyí ní aláṣẹ tiwọn, wọ́n ní oníbodè, wọ́n sì lè sọ pé àwọn kò tà lónìí. (Kútọnu mọ irú ọ̀ràn yìí dáadáa: nígbà tí Nàìjíríà, ilẹ̀ epo rọ̀bì, ti ibodè rẹ̀ láti 2019 títí di òpin 2020, ìrẹsì àti ọkọ̀ àlòkù tí ń gba èbúté rẹ̀ kò rí ọjà bí i ti àtẹ̀yìnwá.)

Kòsọ́kọ́ fúnra rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ fi èyí han Èkó. Ẹ̀pẹ́ ni ó fìdí kalẹ̀ sí lẹ́yìn tí wọ́n lé e, epo Ìjẹ̀bú sì ń gba Palma, létí òkun, jáde láìfara kan Èkó. Ní 1854, Benjamin Campbell, kọ́ńsù Gẹ̀ẹ́sì, bá a ṣe àdéhùn, ó sì gbà pé Palma jẹ́ èbúté rẹ̀. Ẹni tí a fi ìbọn lé di ẹni tí a ń bá jókòó sọ̀rọ̀.

Ọ̀ràn Ìkòròdú ni ó le jù. Ní agbègbè yìí, tí Ìgbògbò àti Bàyékú wà, ọ̀nà ilẹ̀ pàdé ọ̀nà omi. Oníṣòwò tí ó ti Ìbàdàn gba Rẹ́mọ sọ̀kalẹ̀ kò ní láti bẹ Ẹ̀gbá kí ó tó rí Èkó. Abẹ́òkúta kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó fẹ́ kí ẹrù òkè máa gba ọwọ́ tirẹ̀. Ìbínú ogun Ìjàyè náà wà nínú rẹ̀, nítorí pé Ìkòròdú kò ti ọ̀nà mọ́ Ìbàdàn. Ogun Ẹ̀gbá bá dó ti ìlú náà. Glover, tí ń ṣàkóso Èkó, ní kí wọ́n tú dó. Wọn kò gbà. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta 1865, àwọn sójà West India Regiment àti àwọn Haúsá fi ìbọn àti rọ́kẹ́ẹ̀tì tú wọn ká. A ti gbọ́ ọ rí pé àánú ará Ìkòròdú ni ó gbé Glover lọ. Àánú lè wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí Ìkòròdú bá ṣubú, ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ni Èkó ìbá máa dúró sí fún ẹrù Ìbàdàn. Abẹ́òkúta kò gbàgbé. Ní 1867, nínú Ìfọ́lé, wọ́n lé àwọn Òyìnbó kúrò nílùú.

Ìjẹ̀bú ní tirẹ̀ ń rà lọ́wọ́ ará òkè, ó ń tà fún ará Èkó ní ọjà bí Èjìnrìn, kò sì jẹ́ kí àwọn méjèèjì fojú kanra. Ní oṣù kìíní 1892, àwọn aṣojú Awùjalẹ̀ gbà pé kí ọ̀nà ṣí, kí Èkó máa san £500 lọ́dọọdún dípò owó ibodè. Àdéhùn náà kò tọ́jọ́. Ní oṣù karùn-ún, ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì gúnlẹ̀ sí Ẹ̀pẹ́ Kòsọ́kọ́ kan náà, wọ́n sì ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní Ìmàgbọ̀n.

Ní 1901 ni wọ́n ṣí ojú irin tí ó dé Ìbàdàn. Abẹ́òkúta ni ó gbà, kò gba Ìkòròdú.