Àyè ni ká kọ́kọ́ wọ̀n, ká tó ra adìyẹ ẹ̀yìnkùlé

Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ rí ní ọ̀pọ̀ ilé tí wọ́n ti ń sin adìyẹ díẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé. Iye tí owó ọwọ́ ẹni bá ká ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń rà, ó sì di ìgbà tí wọ́n bá kó wọn délé kí wọ́n tó máa wá ibi tí wọn yóò kó wọn sí. Àyè ilẹ̀ ló yẹ kó sọ iye adìyẹ tí ènìyàn yóò rà, kì í ṣe owó.

Ní àdúgbò bíi Sábó ní Ilé-Ifẹ̀, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Òkè Ọya tẹ̀dó sí, tí ilé àti ìsọ̀ sì fún mọ́ra, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe kékeré. Ẹ̀yìnkùlé tí wọ́n ti ń dáná, tí wọ́n ti ń sáṣọ, ibẹ̀ náà ni ilé adìyẹ yóò wà.

Ọ̀rọ̀ adìyẹ agboolé kò ṣàjèjì ní Ifẹ̀. Níbẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ti péjọ ní oṣù kọkànlá ọdún 1989, tí wọ́n dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ fún ìdàgbàsókè adìyẹ ìgbèríko ní Áfíríkà. Ọ̀jọ̀gbọ́n E. B. Sonaiya ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ àti S. E. J. Swan ni wọ́n jọ kọ ìwé ìtọ́sọ́nà lórí sísin adìyẹ níwọ̀nba, èyí tí FAO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀, tẹ̀ jáde ní 2004.

Ìlànà tó wà nínú rẹ̀ ni pé adìyẹ 3 tó ń yé ẹyin ni kó wà lórí ilẹ̀ tó gùn ní mítà 1, tó sì fẹ̀ ní mítà 1. Ẹni tó bá fẹ́ sin 12 yóò nílò ilé tó gùn ní mítà 2, tó sì fẹ̀ ní mítà 2. Káfíńtà tó ń fi ẹsẹ̀ bàtà wọn nǹkan lè ṣe é ní ẹsẹ̀ bàtà 7 sí 7. Adìyẹ kọ̀ọ̀kan yóò gba sẹ̀ǹtímítà 25 lórí igi tí wọ́n ń bà lé lálẹ́, nítorí náà adìyẹ 12 yóò gba igi mítà 3. Ìtẹ́ kan tó adìyẹ 4 tàbí 5. Kí nẹ́ẹ̀tì wà lápá òkè ògiri, kí afẹ́fẹ́ lè máa wọlé.

Adìyẹ ìbílẹ̀ tó ń jẹ̀ kiri lọ́sàn-án lè fara da ilé tó kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí oorun nìkan ló ń bá wá síbẹ̀. Èyí tí wọ́n tì mọ́lé láti àárọ̀ títí di alẹ́ kò ní ibòmíràn tí yóò sá sí.

Bí àyè kò bá tó, ìgbẹ́ á pọ̀, ilẹ̀ á rin, òórùn rẹ̀ á sì máa ta wọ́n lójú àti nímú. Wọn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣá ara wọn jẹ, èyí tí kò lágbára kò ní ráyè dé ìdí oúnjẹ, ẹyin á sì dínkù. Bí lúkúlúkú bá wọlé lásìkò ọyẹ́, kíákíá ni yóò ràn kálẹ̀ láàárín wọn. Àyè nìkan kò lè dá àrùn yìí dúró. Àjẹsára rẹ̀ ṣe pàtàkì, ilé ìwádìí ìṣègùn ẹranko ìjọba àpapọ̀ ní Vom, ìpínlẹ̀ Plateau, sì wà lára àwọn tó ń ṣe é.

Nítorí náà, ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ kò ju mítà 2 ní gígùn àti mítà 1 ní fífẹ̀ lọ, adìyẹ 6 ni kó rà. Mẹ́fà tí ara rọ̀, tó sì ń yé ẹyin, ó sàn ju ogún tí ń ṣá ara wọn jẹ lọ.