Ìṣubú Ni Ẹ̀kọ́ Àkọ́kọ́ Nínú Júdò

Ọ̀rọ̀ Kano Jigoro la fẹ́ sọ lónìí, ọmọ Japan tí wọ́n bí ní 1860. Kò síngbọnlẹ̀ rárá, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì máa ń fìyà jẹ ẹ́ nílé ìwé. Ìyẹn ló gbé e dé ìdí jujutsu, ọgbọ́n ìjà àwọn sámúráì.

Ṣé ó wá lọ gbẹ̀san ni? Rárá o. Ní 1882, ó kó akẹ́kọ̀ọ́ 9 jọ sínú tẹ́ńpìlì kan ní Tokyo, ó sì pe ẹ̀kọ́ tirẹ̀ ní júdò. “Jutsu” ni ọgbọ́n. “Do” ni ọ̀nà. Ọ̀nà láti di ọmọlúàbí ló ń wá.

Èmi náà ń kọ́ júdò báyìí. Kí wọ́n tó kọ́ wa bí a ṣe ń gbé èèyàn ṣánlẹ̀, bí a ṣe ń ṣubú ni wọ́n kọ́kọ́ kọ́ wa. Ukemi ló ń jẹ́: gba àgbọ̀n mọ́ àyà, fi apá gbá ẹní, dìde.

Orí fóònù wa, ìṣẹ́gun nìkan la ń gbé síta. Kano ní tiẹ̀ fi ìṣubú ṣe ìpìlẹ̀. Látìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n ṣubú, ẹ̀rù àtigbìyànjú ò bà mí tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́.