Láti Ọ̀dọ̀ Òṣómàáló dé Orí Íntánẹ́ẹ̀tì: Ìfura nínú Òwò Ọ̀nà Jíjìn

Ìfura ọlọ́jà sí oníbàárà ọ̀nà jíjìn kò bẹ̀rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún ogún, àwọn oníṣòwò Ìjẹ̀ṣà tí à ń pè ní òṣómàáló ń ta aṣọ láwìn káàkiri ilẹ̀ Yorùbá. Orúkọ wọn gan-an ni ọgbọ́n wọn: bí onígbèsè kò bá san, wọn a lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ títí owó yóò fi jáde. Òṣómàáló mọ ilé, ó mọ baálé, ó mọ ìgbà tí à ń ta kòkó. Ènìyàn kọ̀ọ̀kan ni ó ń wọ̀n.

Ẹni tí ó bá ń ta àdìrẹ láti Alájue ní Ẹdẹ sí London kò rí ẹnu ọ̀nà tí yóò lóṣòó sí. Bí káàdì tí a fi sanwó bá jẹ́ ti olè, tí ẹni tí ó ni ín sì figbe ta, báńkì a máa gba owó padà lọ́wọ́ ọlọ́jà. Aṣọ ti lọ ná.

Ṣùgbọ́n orílẹ̀-èdè ni àwọn ilé-iṣẹ́ òkè òkun ń wọ̀n ní tiwọn. 419, tí í ṣe nọ́ńbà kan ṣoṣo nínú ìwé òfin ìwà ọ̀daràn, di orúkọ Nàìjíríà lẹ́nu wọn. Ọdún 2014 ni PayPal tó ṣílẹ̀kùn fún Nàìjíríà, sísan owó jáde nìkan ni ó sì fàyè gbà nígbà náà: ará Ẹdẹ lè rajà lọ́wọ́ ará London, kò lè gba owó ọjà lọ́wọ́ rẹ̀.